Péńtà Yanrìn Kíláàsì Karùn-ún

Ajé, 10 Oṣù Karùn-ún, 1999

TP, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mi, bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kíláàsì Karùn-ún, ìṣirò, ilé-ìwé tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Màmá ní Deco Road, Warri níbí. Bí mo bá yege, mo di olùkọ́. Bí mi ò bá yege, mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún odidi ọdún kan, Màmá á sì pariwo dé Ìjẹ̀bú, ìlú wa. Mo ti sọ fún un pé kò sí ìyẹn. Orí mi pé, ẹnu mi mú, kí ló kù?

Ìyáàfin Rosemary ló ni kíláàsì náà. Mo ti sọ ọ́ ní Pàṣán nínú ọkàn mi — nítorí ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó jókòó. Mo kọ́ wọn ní ìdá. Wọ́n ń wò mí bí ẹja orí yìnyín.

Ọjọ́rú, 12

Mo ní kí wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́. Àṣìṣe ńlá. Kí n tó yíjú, àwọn ọmọ Itsekiri ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Ijaw lẹ́nu ọ̀nà, Urhobo láàárín, àwa Yorùbá àti Ibo dúró bí àlejò. Pàṣán rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Anti Ọlá, you no know where you dey?" Èmi tí wọ́n bí sí Warri. Ó dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àná fún Màmá.

Ajé, 17

Mo yá agolo mílíìkì lọ́wọ́ Màmá, àti péńtà — rọ́bà ọ̀dà tí wọ́n fi ń wọn gààrì lọ́jà. Yanrìn di gààrì. Lónìí èmi ni mo pín ẹgbẹ́, mo sì fún oníkálukú níṣẹ́: ẹni tó ń wọ̀n, ẹni tó ń kà, ẹni tó ń kọ. Mo fi Stephanie (Itsekiri, ìyá rẹ̀ ń ta gààrì) àti Elisha (Ijaw, ó lè jiyàn kú) sójú kan. Agolo mélòó ló kún péńtà? Ìdáhùn ẹgbẹ́ kan ò bá ti ìkejì mu. Mo lọ wò ó — gbogbo wọn ló ń fi èènì sí i. Stephanie ní, "Anti, who dey sell garri without jara?" Ìwé ìṣirò ò rántí èènì. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọn èènì náà. Ìdá mélòó agolo ni? Elisha ní ìdámẹ́rin ti pọ̀ jù, Stephanie pè é ní ahun. Ariwo ta. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ mi.

Ajé, 31

Ìbọn. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Èéfín níhà odò. Ijaw àti Itsekiri ni, wọ́n ní. Wọ́n ti ilé-ìwé pa. Màmá ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹtì, 4 Oṣù Kẹfà

Kọ́fíù, kónílé-ó-gbélé. Màmá ní kí n máa lọ sí Ìjẹ̀bú, ó ti di báàgì mi. Mo ní tí mo bá lọ, TP lọ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá wà láàyè ló ń ṣe tíṣà. Òótọ́ ni. Mi ò lọ. Ó bínú, ó se ẹ̀wà, ó sì bu tèmi pamọ́.

Ajé, 14

A wọlé. Ọ̀pọ̀ àga ṣófo. Stephanie dé — wọ́n ti sá kúrò nílé wọn, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n wà. Elisha dé — ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì padà wálé. Fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ò wo ẹnìkejì. Ẹkún gbọ̀n mí, mo yíjú sí pátákó.

Ọjọ́rú, 16

Olùyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la: Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí, ará Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Pàṣán fà mí sí kọ̀rọ̀. "Abeg, leave group. If fight start, na you dem go hold." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá fara mọ́ pátákó, wọn ò ní mọ ìdá, wọn ò sì ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Màá ṣe é. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mi ò lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ààyè rẹ̀. Mo gbé péńtà àti yanrìn bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ìbéèrè: ìyá kan ní ìlàjì péńtà gààrì, ó ta ìdá kan nínú mẹ́jọ péńtà. Kí ló kù? Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí wà lẹ́yìn, báàgì lórí itan.

Elisha nawọ́: ìdá kan nínú mẹ́fà. Láti ìdí fèrèsé, Stephanie ní, "Na lie." Ó gbé péńtà tirẹ̀, ó la àárín kíláàsì kọjá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Elisha, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Elisha ní ó ń gbọn péńtà kí yanrìn lè wálẹ̀. Stephanie ní òun ò gbọ̀n ọ́n. Ni àwọn yòókù bá rọ́ dé, tẹnu-ọ̀nà tìdí-fèrèsé, oníkálukú ń gbè lẹ́yìn ẹni tó wù ú. Ọ̀gbẹ́ni Akínrẹ̀mí ti fò dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà tòun ti báàgì. "Olùkọ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o." Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, sà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni wọ́n ń jà lé lórí." Ó tẹ́tí. Ó padà jókòó, ó ń kọ nǹkan. Mo yege. Ó sọ ọ́ fún mi kí ó tó lọ, ara rẹ̀ ò sì tíì balẹ̀.

Agogo dún. Bàbá Elisha wà ní géètì, ìyá Stephanie náà wà níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì jọ jáde, iyàn ò tíì tán. Wọ́n lóṣòó sílẹ̀, Elisha ń fi ìka pín yanrìn. Bàbá rẹ̀ pè é. Ó ní, "Papa, wait first."

Bàbá dúró. Ìyá dúró. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì yíjú padà, wọ́n jọ ń wo yanrìn tí àwọn ọmọ ń pín nílẹ̀.